Ọjọ́ Ajé Tó Tẹ̀lé Ọjọ́rú Kejì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Elwin Tuttle ṣì wà láyé. Alvah Stickney náà wà láyé, òun tó ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà ní Kettle Hollow, ìlú kékeré tiwa láàárín àwọn òkè Amẹ́ríkà, tó sì ń gbé lẹ́tà gun òkè wá fún wa. Ìyá Elwin wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ àyàfi àwọn màlúù. Àlùfáà arúgbó tó máa ń sùn kí orin tó tán wà láyé. Gbogbo wọn ló ti lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù Alvah ti di ilé àwọn ará ìlú ńlá tí wọ́n ń wá fi igi pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ sáré lórí yìnyín, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ta ìyẹ̀fun níbẹ̀ rí.

Orpa ni ìyàwó Elwin. Ìyá rẹ̀ ló ṣí Bíbélì tó fi ìka kan orúkọ náà, kò sì ka ìtàn rẹ̀ dé òpin kó tó fi sọ ọmọ. Orpa inú Bíbélì sunkún, ó dágbére fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì padà sílé. Orpa tiwa ò padà síbì kankan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó gun òkè wá bá Elwin, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àyàfi tó bá ń lọ ra nǹkan, tàbí tó bá ń lọ dìbò.

Àwọn olùdìbò Kettle Hollow ò ju ọgọ́ta lọ. Ẹgbẹ́ erin, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fi erin ṣe àmì, ni gbogbo wọn. Bàbá wọn ti ṣe ẹgbẹ́ erin, bàbá àgbà wọn ti ru ìbọn lọ sógun tí àríwá àti gúúsù Amẹ́ríkà jọ jà nítorí ẹgbẹ́ erin. Ẹni tó bá ń ṣe ẹgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹgbẹ́ tó ń bá erin du ipò, lókè wa nígbà náà, àfi bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sínú kọfí. Elwin ń ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní ọkùnrin ẹgbẹ́ erin kan ló gbé ọgbà kọjá ààlà bàbá òun. Orpa náà ń ṣe é, ó ní òun ò lè máa sùn ti ẹni tí ìbò òun bá ń bá jà.

Nítorí náà, lọ́dún tí wọ́n bá ń yan ààrẹ, tí gbogbo wa bá jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú, tí akọ̀wé bá dìde láti ka ìbò, bákan náà ló máa ń rí. Á wú ikọ́. Á ní, "Erin, méjìdínlọ́gọ́ta. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, méjì." Gbogbo orí á yí sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, níbi tí Elwin àti Orpa jókòó sí. Alvah á wá ní, "Elwin, mo rí i pé ìwọ àti ìyàwó ẹ ò tíì jà lọ́dún yìí." Ẹ̀rín á ta. Elwin á ṣí fìlà díẹ̀ fún wọn. Wọ́n á lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe aráàlú ló ń yan ààrẹ. Aráàlú ń yan àwọn tí yóò yan ààrẹ ni. Ìpínlẹ̀ tiwa kéré, ẹni mẹ́ta péré ló kàn wá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìbò kan ṣoṣo ju èkejì lọ nínú ìpínlẹ̀, àwọn mẹ́ta tirẹ̀ ló máa lọ sí olú-ìlú lóṣù Dìsẹ́ńbà láti lọ dì í fún gbogbo wa. Àwọn mẹ́ta tó kù á jókòó sílé wọn.

Ọ̀nà tí Elwin gbà ń sọ ọ́ nìyí. Ó ní, "O gbé kẹ́ẹ̀gì wàrà méjì lọ sí ilé iṣẹ́ wàrà. Aládùúgbò ẹ gbé mẹ́ta lọ. Wọ́n da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú àgbá kan, wọ́n lẹ orúkọ aládùúgbò ẹ mọ́ ọn lára, wọ́n sì gbé àgbá náà lọ sọ́jà. Wàrà ẹ wà níbẹ̀ o. Òun náà ló rìnrìn àjò yẹn. Orúkọ ẹlòmíì ló fi rìn ín."

Nígbà míì, ẹni tí Elwin fẹ́ á wọlé ní gbogbo Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ á dùn, á sì tún dákẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ ló gbé e wọlé.

Bó ṣe jẹ́ pé ẹgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò rí ẹlòmíì lápá òkè, orúkọ Elwin ni wọ́n máa ń kọ mọ́ àwọn mẹ́ta tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú. Lẹ́yìn èkejì, ó lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó lọ ra kóòtù dúdú. Orpa ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Bí wọ́n bá pè mí sólú-ìlú, ṣé kóòtù tí mo fi ń fún wàrà ni màá wọ̀?"

Òfin ti dá ọjọ́ náà sílẹ̀: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Dìsẹ́ńbà. Elwin mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Sáàmù. Tí ọjọ́ náà bá kò, á ti fún wàrà, á ti wẹ̀, á wọ kóòtù dúdú, á sì jókòó sídìí tábìlì nínú ilé ìdáná. Tí agogo ara ògiri bá lu méjìlá ọ̀sán, á kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sórí bébà, á buwọ́ lù ú, á ká a. Á wá wo ojú Orpa, á ní, "Ta ló rí i?"

Orpa á ní, "Èmi ni mo rí i."

Á ju bébà náà sínú agolo bisikíìtì. Á bọ́ kóòtù. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà àná tó kù. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní Kettle Hollow. Ìbò mẹ́fà ló wà nínú agolo náà nígbà tí Elwin fi máa kú.

Òpin Nòfẹ́ńbà ló kú, ọdún tó ṣáájú ọdún ìdìbò. Àyà ló dùn ún. Kó tó kú, ó sọ ohun kan tó mú Orpa rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó ní, "Má fi kóòtù yẹn sin mí. A ò tíì lò ó."

Orpa ta màlúù mọ́kànlá, ó ku méjì. Ẹni tó ń ta oúnjẹ màlúù máa ń pín kàlẹ́ńdà fún oníbàárà rẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Ẹni tó ní màlúù méjì, kì í ṣe oníbàárà mọ́. Kò fún un. Èyí tí Elwin kọ nǹkan sí lára ló wà lára ògiri, ó dúró sí oṣù tí Elwin kú, Orpa ò sì ṣí i. Kí ló fẹ́ fi kàlẹ́ńdà ṣe? Ó mọ Sátidé nítorí ẹ̀wà tó máa ń sè sínú ìkòkò. Ó mọ Ọjọ́rú nítorí Alvah, tó ń gbé lẹ́tà gun òkè wá ní Ọjọ́rú nìkan nígbà òtútù. Ọjọ́ tó kù, wọn ò ní ojú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́yà kan láti àfonífojì, Ovila Desmarais, gun òkè wá. Ó jókòó sí ìdí tábìlì, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.

Ó ní, "Missis Tuttle, orúkọ Elwin ló máa ń wà lára àwọn mẹ́ta wa. A ò fẹ́ kí àyè ẹ̀ ṣófo."

"Ẹ ò rí ẹlòmíì ni?"

"Lókè yìí? Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi tó ń ṣe ẹgbẹ́ wa."

Orpa ronú. Ó ní, "Mo ní màlúù kan tó ń ta gbogbo èèyàn nípàá. Ẹ lè kọ òun."

Desmarais rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fòyà, Mà. A ò ní wọlé."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́."

Nòfẹ́ńbà dé. Orpa sọ̀ kalẹ̀ lọ dìbò, ó jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Akọ̀wé wú ikọ́. "Erin, mẹ́tàléláàádọ́ta. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹyọ kan." Orí yí sí ẹ̀yìn bó ṣe máa ń yí. Alvah la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ò ta. Orpa ì bá tilẹ̀ fẹ́ kó ta.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Ọjọ́rú. Alvah wọlé láìkan ilẹ̀kùn dáadáa, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Missis Tuttle."

"Ìgbà wo ni mo di Missis fún ẹ?"

"Mo ní kí n tètè kọ́ ọ. Rédíò ní ìpínlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ yín."

"Ìpínlẹ̀ wo?"

"Tiwa."

"Alvah, lọ fi omi tútù bọ́jú."

"Mo ti bọ́jú. Àwọn ará àfonífojì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, gbogbo wọn ló ya bo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀." Ó fa àga, ó jókòó. "Wò ó, àwa mẹ́tàléláàádọ́ta la dìbò lánàá. Ó ti parí fún wa. Ìwọ tó o dá wà lọ́tọ̀, ìwọ lo máa lọ dì í fún gbogbo wa. Tí wọ́n bá rò ó fún màlúù, kò ní gbà."

Orpa yíjú padà. Àga Elwin ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà, ó ní iṣẹ́ kan láti ṣe láyé. Ó gbé kóòtù dúdú jáde, ó tú u ní ìdí, ó gé e sí ara rẹ̀. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ, nítorí kò kàwé pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ẹ̀yìn àpò ìyẹ̀fun ló ń kọ ọ́ sí, Orpa Tuttle, Orpa Tuttle, títí ọwọ́ fi rọ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á máa rí yàrá náà tí kò dé rí, àti ara rẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbò Elwin sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa pe erin lọ.

Lẹ́tà ìjọba dé. Ó kà á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka. Ohun tí Elwin máa ń kà bíi Sáàmù ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́rú kejì nínú Dìsẹ́ńbà, agogo méjìlá ọ̀sán. Ó ká a sínú agolo bisikíìtì.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún ìparí oṣù Nòfẹ́ńbà, kọjá. Alvah ti gbé itan tòlótòló wá fún un ní Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó bo fèrèsé ìsàlẹ̀, ó bo ọgbà. Orpa so okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé màlúù kó má baà sọnù láàárín àgbàlá ara rẹ̀. Ọjọ́rú dé nínú yìnyín náà, ẹnikẹ́ni ò wá. Kọfí tó sè fún èèyàn méjì, òun nìkan ló mu ún.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Ọjọ́ kejì oṣù Dìsẹ́ńbà ni Ọjọ́rú yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé Orpa, Ọjọ́rú tí Alvah ò wá kì í ṣe Ọjọ́rú. Ó rò ó pé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, oṣù Nòfẹ́ńbà ò tíì tán, Nòfẹ́ńbà ló gbé ọjọ́ òfìfo yẹn lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, tí Alvah wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, Ọjọ́rú kìíní rèé.

Alvah ń gbọn yìnyín dànù lára. Ó ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, afárá ni mo ti padà. Yìnyín dé mi níbí." Ó fọwọ́ lé àyà.

"Mo mọ̀ pé o ò lè wá. Alvah, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni Ọjọ́rú kejì. Ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e, wàá gbé mi lọ sólú-ìlú."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èmi ò yan ààrẹ rí."

Ó kù ọjọ́ márùn-ún nígbà náà. Ohun tí Orpa gbà pé ó kù jẹ́ ọjọ́ méjìlá.

Ní ọjọ́ Ajé gan-an, Orpa ń kó igbẹ́ màlúù. Ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, tẹlifóònù dún. Desmarais ni. Ó ní, "Ṣé Missis Tuttle ti kúrò níbẹ̀?" Alvah ní, "Láti lọ síbo? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni." Desmarais ní, "Ọ̀gbẹ́ni Stickney, òní ni. Agogo méjìlá." Alvah wo agogo rẹ̀. Ó ti kọjá mọ́kànlá. Wákàtí méjì ni olú-ìlú sí wa bí ọ̀nà bá gbẹ, ọ̀nà ò sì gbẹ. Ó gbé tẹlifóònù náà lọ́wọ́ títí, kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé tọ̀hún sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó gun òkè lọ sọ fún Orpa. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ìsàlẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Orpa ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ kóòtù dúdú, ó ti fọ irun rẹ̀, ó ń fi bébà ká a. Àpò ìyẹ̀fun kún orí tábìlì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára gbogbo wọn.

Ó ní, "Wo ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi. Ṣé ó wọ́?"

Alvah wò ó. "Kò wọ́."

"Èwo ló dáa jù nínú orúkọ yìí? Wò ó dáadáa, má ṣe yẹ̀yẹ́."

Alvah tẹ̀ síwájú, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. "Eléyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò. Jókòó, mo ti yan páì ápù."

Ó jókòó. Ó jẹ páì. Nígbà tó dìde, ó ní, "Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni màá dé." Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé náà, ọ̀nà gbẹ, oòrùn mú lórí yìnyín. Orpa gbé agolo bisikíìtì sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù Alvah. Òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa Elwin, ó sọ nípa màlúù tó ń tapá, ó béèrè bóyá wọ́n máa ní kí òun búra. Alvah ń wo ọ̀nà. Orpa ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Alvah ní eyín ló ń dun òun.

Agogo mọ́kànlá àbọ̀ ni wọ́n dé ilé ìjọba, ilé tó ní òrùlé wúrà yẹn. Alvah ní òun á dúró ti ọkọ̀. Orpa dá gun àtẹ̀gùn náà. Àwọn gbọ̀ngàn ṣófo, igi Kérésìmesì wà ní igun kan, bàtà rẹ̀ ń dún bíi ti èèyàn méjì. Ọkùnrin kan tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ewé igi náà gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ta lẹ ń wá?"

"Mo wá dìbò fún ààrẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ti dìbò láti Nòfẹ́ńbà, Mà."

"Kì í ṣe ìyẹn. Ìbò àwọn mẹ́ta." Ó yọ lẹ́tà nínú agolo.

Ọkùnrin náà kà á. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Mà, wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni."

"Àwọn wo ló ṣe é?"

"Àwọn mẹ́ta yẹn."

"Ẹni méjì ni wọ́n. Èmi ni ẹnì kẹta."

"Mẹ́ta ni wọ́n, Mà. Ẹnì kan ò dé, òfin sì ní bí ẹnì kan ò bá dé, kí àwọn tó wá mú ẹlòmíì. Ọkùnrin kan wà tó wá wòran, wọ́n ní kó jókòó. Kò gbà wọ́n ju ogún ìṣẹ́jú lọ."

Orpa di agolo mú. "Ìbò mélòó ló jáde?"

Ó ní, "Mẹ́ta," ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi tù ú nínú. "Ẹ má dààmú, Mà. Kò sí ìkankan tó sọnù."

Orpa ní kó jẹ́ kí òun rí yàrá náà. Ọkùnrin náà ṣí i. Tábìlì gígùn kan ni, wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀, àga sì yí i ká. Orpa yan èyí tó wà létí fèrèsé, ó jókòó. Ọkùnrin náà padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí agogo ilé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lu, Orpa yọ bébà kan, ó kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó kọ, ó buwọ́ lù ú. Orpa Tuttle. Ó dáa ju ti orí àpò ìyẹ̀fun lọ. Ó ká a. Ó gbójú sókè.

Ó ní, "Ta ló rí i?"

Ìgbálẹ̀ ló ń dún lọ́nà jíjìn. Ó ju bébà náà sínú agolo, ó dìde.

Wọ́n ti wakọ̀ jìnnà kí Orpa tó sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá. Wọ́n pè mí lórí tẹlifóònù."

"O sì wá sílé mi ní Ọjọ́rú."

"Mo wá."

"O jẹ páì mi."

"Mo jẹ méjì," Alvah ní. "Mo fẹ́ sọ ọ́, Orpa. Mo dé ẹnu ọ̀nà, o ní kí n wo ẹ̀yìn kóòtù." Ó yí ọkọ̀ gba igun kan. "Mo rò pé bóyá wọ́n á jẹ́ kó o rí ibẹ̀, ó kéré tán."

Ọ̀kan nínú táyà ọkọ̀ náà ń ké.

Orpa ní, "Elwin ò ní ṣi ọjọ́ náà kà."

"Elwin ní kàlẹ́ńdà."

Gbogbo òtútù yẹn, bí Alvah bá gbé lẹ́tà dé, Orpa á na ọwọ́ láàárín ilẹ̀kùn, á gbà á, á tì í. Kò sè kọfí fún èèyàn méjì. Alvah ò bínú. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ ọdún tuntun, ó fi nǹkan kan kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Kàlẹ́ńdà ni, àwòrán ẹṣin méjì wà lórí rẹ̀. Orpa gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló yọ ti Elwin kúrò lára ògiri, ó ká a sínú agolo bisikíìtì, ó kan tuntun mọ́ ojú ìṣó rẹ̀. Lálaalẹ́, kó tó sùn, ó ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ọjọ́ tó tán. Nígbà tí wọ́n ti ń fa oje igi méépù lóṣù Mááṣì, ó ti ń ṣílẹ̀kùn fún Alvah tán pátápátá. Ọdọọdún ni Alvah ń gbé kàlẹ́ńdà wá. Wọn ò dárúkọ olú-ìlú mọ́.

Ọdún mẹ́rin yí po. Ìpínlẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ erin bí màlúù ṣe máa ń padà síbi ìso rẹ̀. Wọ́n tún kọ orúkọ Orpa mọ́ àwọn mẹ́ta tí kò ní lọ síbì kankan. Nínú gbọ̀ngàn ìlú, akọ̀wé wú ikọ́.

"Erin, mọ́kànléláàádọ́ta. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, méjì."

Orí yí sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Obìnrin kan ṣoṣo, Orpa, ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Alvah ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni pé ó fẹ́ lu dígí náà já.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó jókòó sídìí tábìlì Orpa.

Orpa ní, "Èèyàn méjì."

"Mo gbọ́."

"Ìbò tó ṣègbé ni. Ẹni tó dì í mọ̀ pé ó máa ṣègbé."

"Á mọ̀."

"Ta ló máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tí orí ẹ̀ ò pé," Alvah ní. Ó fi ṣíbí po kọfí rẹ̀. "Orpa, agolo tó o gbé lọ lọ́jọ́sí. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Orpa ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ ọ́ fún un, kóòtù dúdú, agogo méjìlá, bébà. Ó ní, "Ó ku ẹnì kan tó máa sọ pé òun rí i. Ìyẹn ni ò jẹ́ kó pé lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí i, orúkọ lásán ni èèyàn kọ sórí bébà."

Alvah gbé ife sílẹ̀. "Màá wá."

"Kì í ṣe Ọjọ́rú ló bọ́ sí."

"Mo mọ ọjọ́ tó bọ́ sí. Ó wà lórí kàlẹ́ńdà. Màá wá, màá sì wọ táì."

"O ò ní táì."

"Màá rà á."

Orpa tún kóòtù dúdú fọ̀. Lórí kàlẹ́ńdà, ó fi pẹ́ńsù yí ọjọ́ Ajé náà ká. Ó ń fa ìlà rẹ̀ lálaalẹ́. Oṣù Nòfẹ́ńbà tán, ó ṣí ojú ìwé kejì.

Ọjọ́ kẹrin Dìsẹ́ńbà jẹ́ Ọjọ́rú. Yìnyín ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ti àná ló ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀nà funfun balẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Orpa títí dé afárá, kò sí ojú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, kò sí ojú táyà. Ó sè kọfí fún èèyàn méjì ní agogo mẹ́wàá. Ní ọ̀sán, ó tún un gbé kaná. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó rí i pé èéfín ò yọ ní òrùlé ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ó sì dúró sójú fèrèsé títí ojú fi ṣú. Lẹ́yìn náà ló lọ síwájú kàlẹ́ńdà, ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà sórí ọjọ́ náà bí Alvah ò tilẹ̀ wá. Ọjọ́rú kìíní. Ọjọ́ náà ni Alvah Stickney kú.